Ohùn Kejì Nínú Ìpè Ìrun Mi

Ẹnu ni mo bu omi sí, imú ló gbà jáde. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn mọ́sálásí wa ní Ìlódè, nígbà tí mò ń ṣe àlùwàlá ìrun Alaasari. Mo ti fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀kan, mo bu èkejì, mo tẹ orí síwájú láti tú u dànù. Kí n tó la ẹnu, omi náà ti ń kán láti ihò imú mi ọ̀tún sórí ìka ẹsẹ̀ mi. Mo tún bu díẹ̀ sẹ́nu, bóyá ojú ló ń tàn mí. Ó tún gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan rí mi.

Àárín àwọn ọdún 1990 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ládàánì, ẹni tó ń pe ìrun. Bàbá mi, tó ti Ẹdẹ wá sí Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ ń ṣe é ní mọ́sálásí yẹn. Nígbà tó kú, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Ohùn mi ni àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù.

Ṣáájú omi yẹn, mo ti lọ yọ eyín ẹ̀yìn kan lókè lápá ọ̀tún, ní ilé ìwòsàn kékeré kan láàárín ìlú. Eyín náà ti yọ mí lẹ́nu tipẹ́. Ó le kó tó jáde, gbòǹgbò rẹ̀ gùn, mo sì dúpẹ́ pé a ti rẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí omi gba imú mi jáde, mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo pe ìrun Àsùbáà. Mo gbọ́ ohùn tínínrín kan tó ń bá mi lọ. Ó ń ròkè bí mo bá ròkè. Bí mo bá dákẹ́, ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Mo délé, mo bá Rábíátù ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí àlejò lẹ́yìn mi.

“Bàbá Kúbúrà, ta lẹ jọ pe ìrun?”

“Èmi nìkan ni.”

“Ẹ̀yin méjì ni mo gbọ́. Ẹnìkan ń súfèé lábẹ́ ohùn yín.”

Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín kò wá.

Lẹ́yìn èyí ni òórùn dé. Ó dà bí ìgbà tí eku bá kú sínú àjà, èmi nìkan ni mo sì ń gbọ́ ọ. Rábíátù gbóòórùn ìrọ̀rí mi, ó gbóòórùn aṣọ mi, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wúwo. Bí mo bá foríkanlẹ̀ lórí ìrun, nǹkan kan máa ń ṣípò nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn wá síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní. Mo máa ń dúró kó yí tán kí n tó gbé orí sókè.

Lèmọ́mù wa, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ gún ni lára, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Múfútáù, jẹ́ kí ẹlòmíì máa gba ẹ̀rọ yẹn ná. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará àdúgbò.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju eyín lọ. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi. Àwọn kan ti ń sọ pé ẹnìkan ló rán ohùn sí mi, pé kí n tètè wá ẹni tí yóò lé e jáde. Rábíátù ni kò gbà. Ó ní, “Eyín la yọ kí eléyìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

A lọ sí ọsibítù ńlá. Ibi ìjókòó ibẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá níbẹ̀. Gbogbo wa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, a ń wo ilẹ̀. Dókítà tó pè wá wọlé jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbúrò mi lọ. Ó ní kí n fi ìka pa imú dé, kí n la ẹnu, kí n wá fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lẹ́ bí ẹni fẹ́ fun ikun. Ó fi dígí kékeré kan sábẹ́ ibi tí eyín ti kúrò, lẹ́yìn náà ó fi dígí náà hàn mí. Èémí ti bò ó.

“Ẹ wò ó, Bàbá,” ó ní. “Ibẹ̀ yẹn ló ń mí.”

Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ó gbé àwòrán egungun orí mi tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà síwájú iná, ó sì ṣàlàyé, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Kòròfo kan wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo èèyàn, lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń pè ní sáínọ́ọ̀sì. Yàrá òfìfo ni. Abẹ́ ojú ni àjà rẹ̀, imú ni ilẹ̀kùn rẹ̀, orí gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn òkè sì ni ilẹ̀ rẹ̀ wà. Lára àwọn kan, ilẹ̀ yẹn fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, gbòǹgbò eyín sì lè wọ inú yàrá náà. Bí wọ́n bá yọ irú eyín bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ lè lu, kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ihò yẹn ni omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń súfèé lábẹ́ ohùn mi. Ọyún tó kún yàrá náà ló ń rùn, òun náà ló ń yí kiri bí mo bá foríkanlẹ̀.

Mo bi í bóyá kò lè gbin eyín míì síbẹ̀, torí oníbàárà mi kan ti sọ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Ó ní òótọ́ ni. Ìṣó kékeré ni wọ́n ń yí wọ inú egungun, wọ́n á wá gbé eyín lé e. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi tèmi, ìṣó náà yóò já sínú yàrá. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ yẹn sókè. Wọ́n á ṣí fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, wọ́n á rọra ṣí awọ tó tẹ́ inú yàrá kúrò lára egungun, bí a ṣe ń ya awọ inú ẹyin kúrò lára èèpo, láì jẹ́ kó ya. Wọ́n á kó egungun lílọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dúró fún oṣù bíi mélòó kan títí yóò fi di egungun líle. Ó ní òun rí i níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, òun kò tíì ní irin iṣẹ́ rẹ̀ níbí. Ihò tó wà nílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ dí.

Wọ́n fọ yàrá náà, mo lo oògùn títí ọyún fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nínú, wọ́n fà á bo ihò náà, wọ́n rán an. Kò dùn mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí òwú ṣe ń kọjá nínú ẹran ara mi, ìró kan náà tí mo ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ ayé mi lórí aṣọ àwọn ẹlòmíì. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fun ikun, mi ò gbọdọ̀ fa imú, bí mo bá fẹ́ sín kí n la ẹnu, kí n sì máa jókòó kírun. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Mo rò bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, mo gbọ́ ìró kékeré kan, pọ́, nínú orí mi. Itọ́ mi dà bí omi iyọ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ohùn kejì ti padà.

A padà sí ọsibítù, dókítà bi mí ohun tí mo ṣe. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbà mí gbọ́, inú sì bí mi. Mo padà síbi ìjókòó pẹ̀lú ìbínú. Àkókò ìrun Àílà tó, mo lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà níta. Mo fọ ọwọ́, mo ṣan ẹnu, mo bu omi, mo fa á símú. Rábíátù gbá ọwọ́ mi mú.

“Bàbá Kúbúrà, imú yín.”

Láti kékeré ni mo ti ń fa omi símú nínú àlùwàlá, kí n sì fun ún jáde, lójoojúmọ́, ṣáájú gbogbo ìrun. Nígbà tí dókítà ní kí n má fa imú, ìjọsìn kò sí lára ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni òun, kò mọ̀ kó béèrè. Ọwọ́ ara mi ló ń ṣí ihò náà.

Lèmọ́mù gbọ́, ó mi orí. “Fi ti imú sílẹ̀ títí ara á fi yá. Ẹ̀sìn fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn.” Wọ́n tún un rán. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbàkígbà tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, Rábíátù máa ń dúró tì mí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

Ó jinná. Mi ò gbin eyín síbẹ̀ títí di òní. Ahọ́n mi ti mọ àlàfo náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbígbé ilẹ̀ sáínọ́ọ̀sì sókè, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ dí ihò bíi tèmi fún yín, ẹ fi bí ẹ ṣe ń ṣe àlùwàlá han dókítà yín kó tó fọwọ́ kàn yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó bá mi rán ihò náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èyí tó di ọwọ́ mi mú. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé gbogbo wa la ń gbé yàrá òfìfo káàkiri nínú ojú wa, a kì í sì í mọ̀.

Àárọ̀ tí Lèmọ́mù dá ẹ̀rọ padà fún mi, mo pe ìrun tán, mo sì dúró díẹ̀, mo ń gbọ́ bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ohùn mi. Mo délé, Rábíátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló la ẹnu.

“Ẹ̀yin nìkan ni,” ó ní, ó sì wọlé lọ gbé omi kaná.