Ìbọn Tí Kò Jẹ́ Kí Àbúrò Mi Dọ̀bálẹ̀

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni àbúrò mi ọkùnrin máa ń pè wá lórí fídíò láti Amẹ́ríkà. Màmá wa á ti jókòó nínú fúláàtì wa ní Peckham, ní London, sùtánà funfun á ṣì wà lọ́rùn wọn. Àbúrò mi á gbé fóònù rẹ̀ ti ògiri, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí Màmá ò bá rí i pé àyà rẹ̀ kanlẹ̀, wọn ò ní dáhùn.

Ní Sunday kan, ó kàn tẹrí ba, ó sì dúró gbọnin. Màmá bi í bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ní kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ìyàwó, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù tó máa bí i, pariwo láti kíṣìnì pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Èmi ni mo rí nǹkan dúdú kan ní bẹ́líìtì àbúrò mi. Mo rò pé fóònù kejì ni, mo ti fẹ́ fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ìbọn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bí Màmá bá ra ọ̀bẹ ìgéṣu ní ọjà Rye Lane, wọ́n á fi páálí wé e, wọ́n á tún fi gèlè wé páálí, wọ́n á wá jókòó sínú bọ́ọ̀sì bí olè. Níbí, ọ̀bẹ lásán lè sọ èèyàn di èrò àgọ́ ọlọ́pàá. Àbúrò mi wá ń gbé ìbọn lọ ra búrẹ́dì ní gbangba.

Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó fẹ́ díje dupò gómìnà. Ó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní tiwọn, èèyàn lè fi ìbọn há ìbàdí kí gbogbo ayé rí i, láìgba ìwé àṣẹ. Níbòmíì, àfi kéèyàn kọ́kọ́ lọ kíláàsì ìbọn, kó sì yìnbọn níwájú olùkọ́. Òun lọ kíláàsì náà bí òfin ò tiẹ̀ fipá mú un. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọ tó máa ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá yin báńgà Kérésì!

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà lọ wẹ ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́, kànrìnkàn àti òrí ti wà nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n gbé báàgì náà padà sórí wọ́dúróòbù, pé àwọn ò lọ sílé tí ìbọn ò ti jẹ́ kí ọmọ kí ìyá rẹ̀.

Àbúrò mi wá ń pè mí níbi iṣẹ́ mi ní Camberwell pé kí n bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo bi í bóyá ibì kan tiẹ̀ wà tí òfin wọn ò ti gba ìbọn láyè. Ó ní ó wà: bí ilé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn ò fẹ́ ìbọn, ó parí. Mo lọ sọ ọ́ fún Màmá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé.

Màmá ní, "Sọ fún un pé ibi tí mo bá ti wọ sùtánà, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàtà àti ìbọn, ẹnu ọ̀nà."

Nígbà tó pè ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Màmá ti tan àbẹ́là síwájú fóònù. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Wọ́n ní ó kù kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí olùkọ́ wọn sọ ní kíláàsì. Mo ní kó yé bá obìnrin tó tan àbẹ́là ṣe lọ́yà. Ó jáde. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn àpótí irin kan pa dé. Ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

Màmá ò ní kó dìde. Wọ́n ń wò ó ṣáá.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ níbẹ̀ ni?"

Kò gbójú sókè. "Ó ń bà mí, Mummy. Àtìgbà tí oyún yẹn ti dé."

Yẹ̀yẹ́ tán lẹ́nu mi, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Màmá ní kó dìde, kó lọ jẹun. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé báàgì yẹn sọ̀ kalẹ̀.