Búrẹ́dì Ẹ̀wà tí Àyọ̀ká Ń Rà fún Ìyá Rẹ̀

Ẹni tó bá ní Àyọ̀ká kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kó bá a wọ bọ́ọ̀sì láti àdúgbò Jane and Finch lọ sí ìlú Markham nínú òtútù ilẹ̀ òyìnbó. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń lọ, nítorí búrẹ́dì kan táwọn ará Ṣáínà ń ṣe: ó funfun kinniwin, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń sè é, ẹ̀wà pupa lílọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ń bá Màmá fínra, oúnjẹ ìlú yìí kò sì bá a lẹ́nu mu láti ìgbà tó ti Ìbàdàn dé. Búrẹ́dì yìí nìkan ló ń jẹ tójú rẹ̀ ń dán. “Mọ́ínmọ́ín tó wọ agbádá” ló ń pè é. Ọkàn Àyọ̀ká balẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà ni dókítà ń ní kí alátọ̀gbẹ máa jẹ? Kò sì sí epo níbẹ̀. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé bí ẹ̀wà tiwọn ṣe ń dùn nìyẹn.

Ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá bá ń gòkè. Ẹsẹ̀ ń ta á, ojú ń ṣe bàìbàì. Àyọ̀ká kó bisikíìtì pamọ́, ó ń yẹ abẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ wò bí ẹni ń wá ẹrù olè.

“Màámi, ẹ̀ ń jẹ nǹkan lẹ́yìn mi. Ẹ má parọ́ fún mi, please.”

“Mi ò jẹ nǹkan kan, Àyọ̀ká.”

Kò gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn, ọmọ Ṣáínà, béèrè ohun tí Màmá ń jẹ. Àyọ̀ká fi ìyangàn dárúkọ búrẹ́dì náà. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń ṣe é lọ́jọ́ ọdún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà ni wọ́n ń dà sí ẹ̀wà náà lórí iná títí yóò fi ki, ìyẹ̀fun funfun tó bò ó náà yóò sì di ṣúgà nínú ara.

Nígbà náà ló tó yé Àyọ̀ká. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbé àìsàn lọ sẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì tún ń pè é lópùrọ́.

Màmá, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fà á láṣọ. “Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní búrẹ́dì yẹn ni. Èmi ni mo fà á, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.”

Màmá yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó fajú ro. “Sọ fún wọn pé ọmọ mi ò lè fún mi ní nǹkan tó máa pa mí lára. Sọ pé mo ti ń jẹ nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ. Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.”

Nọ́ọ̀sì ń wojú Àyọ̀ká. Àyọ̀ká di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ irọ́ náà.