Monílọ́lá àti Oògùn Tí Mo Gbé Sẹ́bàá Iná

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìjọba ológun ò ṣiṣẹ́, ẹ ní kó wá bá èmi Oyin ní Ajue. Orúkọ Monílọ́lá ni màá fi pa á lẹ́nu mọ́!

Ọdún 1985 ni. Ìlú le koko, epo mọ́tò ò sí, àwọn ṣọ́jà sì ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró lọ́tùn-ún lósì. Èèyi ti ń pa ọmọ ní Araromi-Obu nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì Monílọ́lá fẹsẹ̀ rìn wá sí Ajue láti Ore, ó ru kúlà yìnyín; abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní kí n bá òun ṣọ́ kúlà kí òun lọ kí baálẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù! Mo fọwọ́ kan ìgò, ó tutù nini. Ṣé èyí ni wọ́n máa fi gún Báyọ̀ mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá, kí òtútù mú un? Mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́bàá iná.

Bó ṣe dé, ó figbe ta. "Yéè! Ìyá Báyọ̀, ẹ ti bà á jẹ́!"

Àwọn ìyá yòókù ní kó fi gún ọmọ àwọn bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní kòkòrò èèyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú ìgò, òun ló ń kọ́ ara láti dá ọ̀tá mọ̀. Iná sì ti pa á. "Omi lásán ni màá fi gún wọn!"

Fọlárìn, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò, ló là mí lóye láìpẹ́ yìí: kòkòrò yẹn máa ń gbé ìwé iṣẹ́ kékeré kan wọ ara, RNA lorúkọ rẹ̀. Ara á ka ìwé náà, á ṣe àwòrán ọ̀tá, ẹ̀jẹ̀ á sì mọ ojú rẹ̀ kí ìjà tó dé. Ó ní nínú àwọn oògùn àjẹsára kan láyé òde òní, ìwé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń rán, kò sí kòkòrò níbẹ̀. Òun náà, yìnyín ló ń gbé.

Mo pọn Báyọ̀, mo tẹ̀lé Monílọ́lá padà sí Ore. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé ta ló ba oògùn jẹ́. Mo lanu. Monílọ́lá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá bú u títí, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, kó tó fún un ní oògùn mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, Monílọ́lá gún ọmọ mọ́kàndínlógójì ní Ajue. Báyọ̀ ló kọ́kọ́ gún. Nígbà tí èèyi dé lóṣù tó tẹ̀lé e, kò gbé ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Lọ́dún kejì, wọ́n dá Monílọ́lá dúró. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn ni wọ́n nà sí i. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́.

"Báyọ̀ ńkọ́?"

Mo ní òun ló ń sáré ká ẹ̀yìnkùlé yẹn.

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré, Ìyá Báyọ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe."