Àpò Orúkọ Méjì ní Ìkòsí

Òórùn tòmátì tó ti ń rà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Ìkòsí. Èéfín ọkọ̀ akẹ́rù á tẹ̀ lé e, bí atẹ́gùn bá sì wá fẹ́ láti apá Mile 12, ata gbígbẹ á gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ọ̀gá wa á sì pariwo láti yàrá tirẹ̀ pé, “Ẹ pa fèrèsé yẹn dé jàre!” Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a wà, lókè ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń já ẹrù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya sí. Àwa tó wà lókè là ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí tòmátì ti bàjẹ́, ọkàn mi kì í lọ sí ọjà. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ló ń lọ, ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan lẹ́yìn tí mo ti rò pé mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo máa kọ́ láyé.

O mọ̀ bí àwa ṣe kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiwa ní yunifásítì láyé ọjọ́un, ọ̀rẹ́ mi. Káàdì oníhò ni a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tó kún àpótí bàtà, tí a ó gbé fún akọ̀wé kan lójú fèrèsé, tí a ó sì padà wá gba èsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí káàdì kan bá já bọ́ lọ́nà, ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìmọ̀ yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìyàwó mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé wá tóbi jù fún mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa nìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni, ó ń gbé ní Magodo, ó ní kí n wá bá òun kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka apẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́ta kọ ọ́. Mo ra ìwé, mo kọ́ ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń kọ ètò, níbi tí gbogbo nǹkan inú ètò ti jẹ́ ohun kan tó dá dúró, tó mọ iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ń dáhùn bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Ọkọ̀ jẹ́ ohun kan, Ẹrù jẹ́ ohun kan, Ọjọ́ jẹ́ ohun kan. Èyí tó ń yẹ ìṣirò wò, tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe kọjá, mo sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ ìyàwó mi ni. Òun ló máa ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jáde, láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin náà dé. Ó lé díẹ̀ ní ogún ọdún, ọmọ télọ̀ kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Kétu. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi bí wọ́n bá tọ́ ọ, àwọn aláàárù ìsàlẹ̀ ló sì ń tọ́ ọ jù. “Aunty Kọ̀ǹpútà! Ṣé kọ̀ǹpútà yín lè gbé apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo?” Kò ní dúró, orí àtẹ̀gùn ni á ti dáhùn: “Kò lè gbé e o, àmọ́ ó mọ iye tí ẹ gbé ṣubú lánàá.” Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ètò kejì, èyí tó ń pín ẹrù fún àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù Magodo.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní òun fẹ́ kí ètò méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ohun tí tèmi bá gbà wọlé máa lọ tààrà sínú tirẹ̀. A so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan já igba apẹ̀rẹ̀ tòmátì, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ pé igba kílò ni, èyí tí kò lè kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kan. A wá ìdí rẹ̀ títí ọ̀sán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èmi náà ní Ẹrù, òun náà ní Ẹrù. Tèmi ń ka apẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ń wọn kílò. Tirẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ló bá gba ipò tèmi. Ẹ̀rọ náà ò pariwo, kò tilẹ̀ wúkọ́, bí ìgbà tí onílé bá gbé yàrá ayálégbé kan fún ẹlòmíràn láìsọ fún un.

Ọ̀gá wa pe àwa méjèèjì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ àwọn oníbàárà ti ń fi fóònù dà á láàmú. “Daddy, ẹ má bínú, sà,” ló wí, kò sì wò mí lójú. “Fúráìdè yìí ni mo lè dúró dé. Bí àwọn méjèèjì ò bá lè gbé pọ̀, Aunty á kọ iṣẹ́ tiyín sínú tirẹ̀, a ó sì pa tiyín tì. Iṣẹ́ yín dáa o. Ó kàn ti pẹ́ ni.” Mo ní mo gbọ́. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan bí ẹni tó ń ka apẹ̀rẹ̀. Mi ò ka ẹyọ kan.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ọgbọ́n ayé káàdì: kí n fi àmì kan síwájú gbogbo orúkọ inú ètò mi níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa jọ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Orúkọ kan lè wà ní ogójì ibi. Bí mo bá gbàgbé ẹyọ kan, nǹkan mìíràn á tún bàjẹ́. Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin náà wá dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń wo ohun tí mo ń ṣe.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Àbẹ̀kẹ́?”

Mo fẹ́ parọ́, ẹnu mi ò gbà. “Ìyàwó mi ni.”

Àmì tí mo ti fi síwájú orúkọ náà wà lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, bíi nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó sì yọ àmì náà kúrò. “Ẹ yọ àwọn yòókù náà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.” Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé kò sí ohun tí ì bá pàdánù. Bí wọ́n bá pa ètò mi tì, tirẹ̀ ló kù, òun nìkan ni ọ̀gá á sì máa pè. Ó kàn jókòó ti ìṣòro mi bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́rùú, mo ń lọ sí Mile 12 láti bá alárinà tó máa fi ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ránṣẹ́ sí wa sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà ní òun á bá mi lọ. Alárinà náà jẹ́ bàbá Hausa kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Àlàájì, tó ti pẹ́ ní Èkó débi pé ó ń fi Yorùbá bú èèyàn dáadáa. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi sábẹ́ àbójútó rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ oríṣiríṣi àgbẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ náà, orúkọ oníkálùkù wà lára tirẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó gbọ́dọ̀ gùn ún. Òun ni wọ́n ń bi. Obìnrin kan sáré dé: “Àlàájì, tòmátì Sání dà?”

Ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Sání wo? Sání inú ọkọ̀ mi, àbí Sání inú ọkọ̀ tó wà lọ́hùn-ún? Tèmi rèé. Bó bá jẹ́ tọ̀hún lò ń wá, lọ bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ, má dà mí láàmú.”

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. “Baba, bí Sání méjì bá wá wà nínú ọkọ̀ yín ńkọ́?”

“Kai! Kò ní já,” ni bàbá náà wí. “Wọn ò ní já apẹ̀rẹ̀ kan títí wọ́n á fi sọ ohun tí mo máa pe ìkejì fún mi.”

“Ṣé ẹ máa yí orúkọ rẹ̀ padà ni?”

“Ṣé èmi ni mo bí i?” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ní abúlé rẹ̀, Sání ni. Lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, èmi ni mo mọ ohun tí mò ń pè é.”

Bí a ṣe padà dé Ìkòsí, ọmọbìnrin náà sáré gun òkè lọ. Kò tilẹ̀ dá àwọn aláàárù lóhùn lórí àtẹ̀gùn.

Àlàyé tó ṣe fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣì lè sọ ọ́ fún ọ báyìí. Nínú irú ètò tí a ń kọ, a máa ń kó àwọn ohun inú rẹ̀ sínú àpò, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí yóò ti wá orúkọ. Ṣùgbọ́n àpò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀. Àkọlé lásán ni. “Daddy,” ló wí, “gbogbo nǹkan inú ètò yìí ló ń dáhùn bí a bá bi í, àfi àpò tó gbé gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ àpò náà di ohun tó ń dáhùn.” Ló bá kọ ohun kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ àwọn ohun yòókù. Ó fi ọ̀kan ṣọ́ àpò tèmi, ó fi ọ̀kan ṣọ́ tirẹ̀. O lè bi í pé, àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Èwo lo gbà kí ará ìta pè? Èwo lo yá lọ́wọ́ àpò kejì, kí lo sì ń pè é lọ́dọ̀ tìrẹ? Bí orúkọ méjì bá fẹ́ forí gbárí, kò ní gba èyí tó dé kẹ́yìn wọlé bẹ́ẹ̀. Á dúró, á béèrè. Bí ẹ̀rọ ṣe ń wá orúkọ wá di nǹkan tí ètò fúnra rẹ̀ lè wádìí, tó sì lè yí padà, láìfọwọ́ kan ìlà kan nínú ohun tí mo kọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Èmi tí mo ti ń kọ ètò kí wọ́n tó bí i, mo jókòó tì í, mo ń wo ìka rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi yàrá kan hàn nínú ilé tó ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọkọ̀ Àlàájì dé láago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn wa, ó ká apá mọ́ àyà. Ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnì, ètò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n sì dúró lójijì. Ìlà kan jáde lójú kọ̀ǹpútà: Ọjọ́ wà nínú àpò méjèèjì. Èwo ni kí n fún ẹni tó bá pè é?

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Ó tún ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Mo ti ń wo ilẹ̀.

“Kò bàjẹ́ o, sà!” Ohùn ọmọbìnrin náà ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Ó ń béèrè ni! Ẹ wò ó, ó ń béèrè!”

A ti yanjú ti Ẹrù ṣáájú, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé orúkọ yẹn náà forí gbárí. Ọjọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kúrò ní Òkè Ọya; tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹrù wọ ilé ìkẹ́rùsí. Ká ní ọ̀kan ti gba ipò èkejì láìsọ̀rọ̀ bíi tàkọ́kọ́ ni, tòmátì tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà ì bá pè ní ti òní, à bá sì fi ránṣẹ́ sí ilé oúnjẹ èèyàn. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo sí Àlàájì tó ń ṣọ́ àpò tirẹ̀, nítorí orúkọ tó fún ohun tó ń ṣọ́ àpò nìyẹn, pé kí ó máa pe Ọjọ́ tèmi ní Ọjọ́-Ọ̀nà fún àwọn ará àpò tirẹ̀. Nínú àpò tèmi, Ọjọ́ ṣì ń jẹ́ Ọjọ́. Ó tún tẹ bọ́tìnì. Ẹrù wọlé ní apẹ̀rẹ̀, ó jáde ní kílò, Àbẹ̀kẹ́ sì yẹ ìṣirò wò, ó ní ó pé. A gbọ́ ohùn aláàárù kan láti ìsàlẹ̀: “Aunty Kọ̀ǹpútà, mélòó la gbé ṣubú lónìí?” Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló yọrí lójú fèrèsé dá a lóhùn: “Mẹ́ta! Ó sì mọ ẹni tó gbé e!”

Ètò méjèèjì jọ gbé pọ̀ fún ọdún mélòó kan. Ọmọbìnrin náà ti lọ di ọ̀gá níbòmíràn nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilé ìkẹ́rùsí náà, wọ́n sì pè mí kí n wá wò ó bóyá ohun kan wà tí mo fẹ́ mú. Mo gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ọ̀pá. Ohun tí mo ń rò lọ́nà ni ohun tí mo máa ń rò nípa ọmọbìnrin yẹn títí dòní. Níbi iṣẹ́ ìjọba, bí ẹni tuntun bá dé, ẹni àtijọ́ á yí padà tàbí kó jáde. Ohun tí èmi náà ṣe fún àwọn tó ṣáájú mi nìyẹn nígbà tí mo wà léwe, tí mo sì ń fi yunifásítì yangàn. Ọmọ télọ̀ yẹn kò ní kí n yí ohunkóhun padà. Ibi tí orúkọ wa ń gbé ló fún ní làákàyè, tí àyè fi gba àwa méjèèjì.

Mo jókòó, mo bi àpò mi ní ìbéèrè tí ọmọbìnrin náà kọ́ mi: àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Ó tò wọ́n fún mi bí mo ṣe sọ wọ́n lórúkọ: Ọkọ̀, Ẹrù, Ọjọ́, Apẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Níwájú èyí tó kẹ́yìn ni àṣẹ kan wà tí mi ò mọ̀ rí pé ó kọ síbẹ̀: má ṣe yí orúkọ rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni tó bá pè é. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa kọ̀ǹpútà náà.