Wolé-wolé àti Dòdò Àkọ́dín

Orúnkún ni Mọ́nsúrù Kòkúmọ́ sọ pé ó ń dun òun. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà tó fi tó ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ létí nìyẹn, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òun yóò fẹ̀yìn tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún rẹ̀ kò tíì pé. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe ń fẹsẹ̀ rin gbogbo Àpòmù já láàárọ̀ tí kò sì dúró sinmi.

Wolé-wolé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọ ilé onílé, kó ṣí ìkòkò omi wò, kó yẹ ẹ̀yìn ilé ìdáná wò, kó sì fún ẹni tó bá dọ̀tí ní ìwé tó máa gbé e dé kóòtù. Bí wọ́n bá rí kakí rẹ̀ lókèèrè, àwọn ọmọdé á ti máa sáré wọlé lọ kìlọ̀ fún ìyá wọn.

Susannah, akọ̀wé tí wọ́n jọ ń lo yàrá kan, ni kò gba ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn gbọ́.

“Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ máa ṣe nílé gan-an?”

“Màá máa jókòó ti ìyàwó mi.”

“Ṣé ìyàwó yín ti gbọ́?”

Ìyàwó rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Sàlámọ̀tù ń dín dòdò Ìkirè lẹ́yìn ilé wọn ní Ìkirè, àwọn tó ń kiri lójú títì ló ń wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí Mọ́nsúrù á ti jáde. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, oorun á ti ń kun obìnrin náà, òórùn epo pupa á sì wà lára rẹ̀. “Mi ò mọ ìyàwó mi lọ́sàn-án rí,” ni Mọ́nsúrù wí. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó gbé àga lọ sídìí agbada.

“Bàbá Soliat, ẹ kúrò lójú èéfín.”

“Kò sí ìdérí lórí omi yìí.”

“Àbí ẹ fẹ́ fún mi ní ìwé ni?”

Qaosarat, aládùúgbò tó máa ń bá Sàlámọ̀tù pọ́n dòdò sínú ewé, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́nsúrù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí Fájánà dé.

Àgbẹ̀ ni Fájánà, ará Orílẹ̀-Òwu, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó gbé àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀kadà, ó sì jókòó bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Sàlámọ̀tù gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mọ́ ata àti iyọ̀, ó mọ ọ́n róbótó, ó dà á sínú epo. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó fi í sórí ewé, ó fẹnu fẹ́ ẹ títí ó fi tutù díẹ̀, ó wá gbé e fún Fájánà.

“Ó dùn àbí kò dùn?”

Fájánà pa ojú dé. “Ó dùn, Ìyá Soliat. Ó ku iyọ̀ díẹ̀.”

Sàlámọ̀tù sì fi iyọ̀ sí èyí tó kù.

Òfin tí Sàlámọ̀tù bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni: ẹni tó bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá ni yóò tọ́ àkọ́dín wò, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọjà rẹ̀ ṣe rí. Mọ́nsúrù kò rí òfin kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ dòdò gbígbóná lọ́wọ́ ìyàwó òun ló rí. Òun tó jẹ́ ọkọ, èyí tó ṣẹ́kù lálẹ́, tó ti tutù, ló ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ọjọ́ náà, ó ń ṣọ́ wọn. Ó ní lọ́jọ́ tí Fájánà bá ń bọ̀, ìborùn Sàlámọ̀tù máa ń mọ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Qaosarat ní irọ́ ni. “Ìborùn kan náà ni. Epo tó wà lára ẹ̀ pàápàá, epo kan náà ni.”

Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Ta ni Fájánà sí ọ?”

“Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mi ni.”

“Kí ló dé tó o fi ń fẹnu fẹ́ dòdò fún un?”

“Ṣé kí ẹnu ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mi bó ni?” Ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. “Háà! Bàbá Soliat! Ẹ̀ ń jowú?”

“Èmi ni màá máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.”

Ó pe Fájánà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní kó má wá mọ́. Sàlámọ̀tù ò bá a jà. Ó kàn sọ pé, “Ẹ rántí pé bí dòdò mi bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó ń kiri á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ nìyẹn o.”

Ọjà Àpòmù ló lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, tó dúdú, tó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò, ọmọ Ìkirè wo ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ṣe rí i báyìí, gbogbo èyí tó dúdú wọ abẹ́ tábìlì.

“Mo ti fẹ̀yìn tì! Mo fẹ́ rà á ni!”

“Ọ̀gá, a ò ta èyí tó bàjẹ́ níbí o. Ẹ wò ó, mímọ́ ni gbogbo ẹ̀.”

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àṣíáwù ló gbà á gbọ́, ó sì fa apẹ̀rẹ̀ kan jáde. Dúdú ni, omi ń jò lára rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ohun tó wá rà gan-an nìyẹn. Mọ́nsúrù na ọwọ́ sí i, ọwọ́ kọ̀. Irú ọjà tó ti ń dà sí kòtò látìgbà tó ti wọ iṣẹ́ wolé-wolé ni. Ó yíjú sí àwọn pípọ́n tó mọ́, tó ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, ó ní ìyẹn náà á ṣe é.

Kò ṣe é. Nígbà tí Sàlámọ̀tù gún un, kò dì mọ́ra kí wọ́n tó lè mọ ọ́n róbótó. Ó fọ́ sínú epo wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń kiri ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú atẹ wọn. Sàlámọ̀tù ṣa àkọ́dín jọ sórí ewé, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀.

“Ó dùn àbí kò dùn?”

Ohun tó ti ń wá látọjọ́ yìí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, tó ṣì gbóná. Ó jẹ ẹ́. Ó wo àwọn tó dúró. Bó bá ní ó dùn, ìyàwó rẹ̀ á dín gbogbo rẹ̀, á sì kó o fún wọn.

“Kò dùn.”

“Mo mọ̀,” ni Sàlámọ̀tù wí. Ó gbé agbada kúrò lórí iná. Àwọn tó ń kiri kó atẹ wọn lọ.

Mọ́nsúrù fúnra rẹ̀ ló tún pe Fájánà.

“Ọ̀gá wolé-wolé, ṣé ẹ ò ní fún mi ní ìwé bí mo bá dé?”

“Má da ẹnu bo mí jàre. Máa bọ̀. Èmi náà á máa bá ẹ lọ sóko.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí dòní. Òun àti Fájánà jọ ń gun ọ̀kadà lọ sí Orílẹ̀-Òwu, wọ́n jọ ń gbé àpò bọ̀. Orúnkún tó wà nínú lẹ́tà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, Sàlámọ̀tù ń gé àkọ́dín sí méjì, ó sì ń fẹnu fẹ́ méjèèjì.

Mọ́nsúrù ní òun kì í jowú mọ́. Láàárọ̀ tó sọ ọ́, kò fọwọ́ kan tirẹ̀ títí ó fi rí ti Fájánà.

“Tìẹ tóbi ju tèmi lọ.”

Sàlámọ̀tù ò gbójú sókè kúrò nínú epo. “Ẹ ṣe pàṣípààrọ̀.”

Wọ́n ṣe é. Fájánà ti ń jẹ tirẹ̀. Mọ́nsúrù gbé èyí tó gbà dání, ó wò ó, ó tún wo èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Fájánà, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dà bíi pé ìyẹn gan-an ló tóbi jù lójú rẹ̀.