Òbìrí Ìmọ́lẹ̀ Kò Dé Ọ̀dọ̀ Nọ́ńbà Kìn-ín-ní

Onífótò kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́, nítorí pé gbólóhùn yẹn ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ju ìkíni lọ. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi bí àpótí aṣọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló fi pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kàn án fún un. Ẹ̀yìn kámẹ́rà náà fẹ̀ tó ogún íǹṣì, ó sì ga ní íǹṣì mẹ́jọ. Fíìmù tí ilé ìwòsàn fi ń ya egungun ló ń lọ sínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi sísọ́ọ̀sì gé e nínú òkùnkùn, tó ń fi ìka wọn etí rẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Bí fíìmù bá ṣe tóbi tó ni àwòrán ṣe ń tóbi tó, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kó o sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n yìí ti fi ránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn níbẹ̀, nọ́ńbà maṣíìnì tí kálukú ń jókòó sí. Ní àràárọ̀, wọn á tò sí ẹnu ọ̀nà ní ìlà kan, láti Nọ́ńbà Kìn-ín-ní dé Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí alábòójútó tó kà wọ́n wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, ìpẹ̀kun ìlà ló sì ń dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn onífótò mìíràn ti yà wọ́n rí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èjìká rẹ̀ nìkan ló hàn. Òkùnkùn gbé ojú rẹ̀ mì ní igun àwòrán.

Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa, ẹ̀gbọ́n wá sílé àbúrò rẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa jáde níbẹ̀, olúkúlùkù á sì gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ìwọ lo máa yà wá.”

“Mo máa yà yín, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ṣebí ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ojú mi ni mò ń wí. Imú mi, ẹnu mi, àpá tó wà ní àgbọ̀n mi. Bí ìwọ náà bá gé mi dànù, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ o.”

Ó ní òun ń lọ, ó sì lọ.

Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́ mọ ohun tó gbé àwọn onífótò ìṣáájú ṣubú. Lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ń ju òbìrí ìmọ́lẹ̀ kan sínú kámẹ́rà, bí ìgbà tí èèyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri. Inú òbìrí yẹn ni fíìmù gbọ́dọ̀ wà tigun-tigun. Bí igun kan bá yọ síta, òkùnkùn ni yóò bá níbẹ̀. Ó fi rúlà wọn fíìmù tirẹ̀ láti igun dé igun: íǹṣì mọ́kànlélógún àti ààbọ̀. Lẹ́ǹsì tó wà lára kámẹ́rà rẹ̀ kò lè ju òbìrí tó tó ìdajì rẹ̀. Ẹni mẹ́rin-márùn-ún tó máa ń jókòó sáàárín ni ó ti ń fi í yà látọjọ́ yìí.

Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta lẹ́ǹsì àlòkù lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé awò ojú méjì ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé lẹ́ǹsì kan jáde tí ọwọ́ kan kò ká.

“Ẹ wo bí ikùn rẹ̀ ṣe rí, ìyá. Èyí lè ya ìlú kan tán!”

Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́ gbé ikùn náà délé. Òbìrí rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́tàlá lọ. Dígí ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé ni. Ìyẹn kò sọ pé yóò tàn án dé ibi tó jìnnà. Ó dá a padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fún un ní òmíràn, èyí dé íǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ó dá òun náà padà. Ẹ̀kẹta ń ju òbìrí tó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ bí ọṣẹ tó bọ́ sómi, ojú kan kò dá yàtọ̀ sí èkejì. Apá ń ro ó. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọjọ́ Ẹtì sì ku ọjọ́ méjì.

“Ìyá, ẹ̀yin ni oníbàárà kan ṣoṣo tó ń fi rúlà bá mi ṣòwò,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Ẹ mú èyí. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò níbí, mi ò gbà á padà mọ́ o. Ó ti sú mi.”

Kámẹ́rà kékeré méjì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́ǹsì kẹrin yìí. Ó délé, ó gbé kámẹ́rà sí iwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri, kò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, ó da aṣọ dúdú borí, ó sì wo dígí kùrukùru tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ dé igun kìn-ín-ní. Ó dé ìkejì. Ó dé ìkẹta. Ó dé ìkẹrin, ó tún ṣẹ́kù!

“Bàbá wọn! Ẹ wá wò ó! Ó dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!”

Ọkọ rẹ̀ yọjú láti yàrá iṣẹ́, pẹ́ńsù létí. “Ṣé a lè jẹun wàyí? Láti ìjẹta ni mo ti ń fi lẹ́ǹsì jẹun.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé kámẹ́rà sí àgbàlá ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ti tò bí wọ́n ṣe ń tò, èjìká kan èjìká, ẹ̀yìn wọn sí ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, ó ti fi ìpara pa àgbọ̀n rẹ̀ kí àpá náà lè dán. Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́ fi ẹ̀yìn ti odi àgbàlá kí ìlà náà lè gba inú dígí, ó sì borí.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú.

Ó nu dígí. Ó wò bóyá awọ kíkákò tó so iwájú kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn ló dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Kò dí i. Ó tún borí. Nọ́ńbà Kìn-ín-ní kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà Kejì jẹ́ ìdajì ojú. Ní apá kejì, òkùnkùn ti kó Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti ẹni tó dúró tì í.

Nínú aṣọ dúdú yẹn ni àṣìṣe rẹ̀ ti yé e. Ohun tó wà nítòsí ló fi dán lẹ́ǹsì wò. Bí ohun tí à ń yà bá wà nítòsí, èèyàn á fa lẹ́ǹsì jáde jìnnà sí fíìmù kí àwòrán tó lè hàn kedere, òbìrí náà á sì fẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ṣe ń fẹ̀ béèyàn bá fà sẹ́yìn lára ògiri. Bí ohun náà bá jìnnà, èèyàn á ti lẹ́ǹsì padà wọlé, òbìrí á sì súnkì. Kàlẹ́ńdà ló rí lẹ́ǹsì rà fún. Kì í ṣe èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

“Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́!” Nọ́ńbà Mẹ́tàlá ló pariwo láti àárín, aláwàdà wọn. “A ti dúró, a ti jẹ́ẹ́. Kí ló tún kù?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.

Ó dín ihò lẹ́ǹsì kù dé ibi tó kéré jù. Òbìrí fẹ̀ sí i, kò ju ìbú ìka kan lọ. Ojú Nọ́ńbà Kejì yọ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yọ. Ó fẹ́ fà sẹ́yìn, odi wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tò ní ìlà méjì?”

Ariwo sọ. “Ìlà méjì kẹ̀? Ta ló fẹ́ dúró sẹ́yìn ta?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló pariwo jù: “Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àyè mi nìyí! Lónìí tó parí lo fẹ́ gbé mi kúrò?”

Ó yí kámẹ́rà díẹ̀ sí apá ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ó borí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ kedere, àpá, ìpara àti gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ti gba apá kejì láti Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélógún lọ. Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀. Ó ti lọ aṣọ rẹ̀, kọ́là rẹ̀ le gán-ín. Ó dúró jẹ́ẹ́ débi pé kò ṣẹ́jú.

Bó bá yà á báyìí, ta ni yóò mọ̀ pé ẹni mẹ́ta sọnù? Àpótí fíìmù kan ló gbé wá, ojú méjì ló ní, fíìmù méjì péré. Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́ ṣí lẹ́ǹsì. Ó kà dé mẹ́fà bí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé fún fíìmù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ìbínú yí kámẹ́rà sí apá kejì, ó yí àpótí fíìmù padà, ó sì tún kà dé mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gba àwòrán. Ìyá Dúró-Jẹ́ẹ́ ti gé méjèèjì láàárín, ó sì ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gbogbo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó yí kámẹ́rà, òrùlé ilé iṣẹ́ ṣẹ́ láàárín bí igunpá, Nọ́ńbà Mẹ́tàlá tó gbé ọwọ́ sókè kó tó ya fíìmù kejì sì ní ọwọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wo ojú ara rẹ̀ títí. Ó wá fi ìka kan ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

“Kí nìyí?”

“Lẹ́ǹsì ni kò ká yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yà á.”

“Odidi kan wà tí mo ti yọ, àbí? Èyí tí wọn ò gé?”

“Ó wà. Àwọn mẹ́ta ló sọnù nínú ẹ̀.”

“Èwo ni tèmi nínú àwọn mẹ́ta? Ọmọ àná ni wọ́n. Tẹ odidi fún mi.”

“Mi ò ní tẹ̀ ẹ́.”

“O ní kí ni?”

“Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ẹni tí wọ́n ti gé dànù lẹ́ẹ̀mẹta kọ́ ló yẹ kó rán mi níṣẹ́ yìí.”

Ẹ̀gbọ́n ká àwòrán náà sínú bébà, ó fi sábẹ́ apá, kò dúpẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Òrùlé yẹn ṣẹ́ o.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”