Bí Ọ̀gbẹ́ni Adédàpọ̀ Ṣe Dórí Bọ́ọ̀dù

Ọdún méjì gbáko ni Ọ̀gbẹ́ni Albert Adédàpọ̀ fi ń retí kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní Dallas fi òun sí bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan, DeSoto ni ilé rẹ̀ wà, kò sì sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí kì í dé ṣáájú àwọn tó ń to àga. Síbẹ̀, àwọn tí kò ka òfin ẹgbẹ́ rí ni wọ́n ń yàn. Ó ń dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Josephine ìyàwó rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ ọ́ fún un.

Nígbà tó wá di ọ̀sẹ̀ tó pé ọgọ́ta ọdún, Sharon ọmọ rẹ̀, tó wà ní yunifásítì ní Denton, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ó sì ti búra pé òun kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí bàbá òun mọ́. Ohun tó kọ rèé: "Daddy, ẹ kú ọjọ́ìbí. Mo ti gbé yín gorí bọ́ọ̀dù. Sátidé, aago mẹ́wàá. Ẹ má pẹ́ o." Àdírẹ́sì kan tẹ̀ lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Adédàpọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá figbe ta.

"Mummy Sharon, wọ́n ti mú mi!"

Josephine sáré jáde láti kíṣìnnì. "Ta ló mú yín? Ọlọ́pàá?"

"Bọ́ọ̀dù! Sharon ló bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èèyàn mẹ́rìnlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ kóòtù aláwọ̀ aró, ó so táì pupa, ó fi ìwé àkọsílẹ̀ tuntun sínú báàgì, ó sì gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Ibi tí àdírẹ́sì náà gbé e dé jẹ́ ilé ràgàjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Nínú ilé náà, kápẹ́ẹ̀tì funfun kan tó fẹ̀ bí yàrá mẹ́ta dagun bí òkè, ó ń yí lọ sókè láìdúró, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan ní jímù. Àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta tó dé akoto jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo táì rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan jáde sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Jessica lorúkọ rẹ̀; Duncanville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Uncle. Ṣé ẹ̀yin ni Albert?"

"Èmi ni. Níbo ni bọ́ọ̀dù máa ń jókòó sí?"

"Ẹ ò ní jókòó, Uncle. Ẹ máa dúró lé e lórí ni."

Ó gbé pátákó gígùn kan wá, irú bọ́ọ̀dù tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Sharon yé bàbá rẹ̀: ẹ̀kọ́ orí bọ́ọ̀dù ni ọmọ náà fi ta á lọ́rẹ ọjọ́ìbí, Jessica sì ni olùkọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rántí èèyàn mẹ́rìnlá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ kóòtù, ó fi táì sílẹ̀ lọ́rùn, ó dé akoto, ó sì na ẹsẹ̀ sí Jessica kó bá òun de pátákó náà mọ́ ọn.

Kápẹ́ẹ̀tì kò tíì yí tó fi ṣubú. Nígbà tó yí, ó tún ṣubú. Omi tí wọ́n ń fọ́n sí kápẹ́ẹ̀tì kó lè máa yọ̀ rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin. Láàárín ìṣubú kan sí èkejì, ó sọ pé kí wọ́n dúró ná, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ìpinnu kìíní: kí orúnkún tẹ̀. Ìpinnu kejì: kí a má ṣe wo ẹsẹ̀."

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ó gbádùn rẹ̀. Sátidé kejì, ó tún lọ, tòun ti kóòtù. Tí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ni bọ́ọ̀dù, kò purọ́ fún wọn. "À ń gbìyànjú ká má ṣubú," ló máa ń wí. Pásítọ̀ fẹ́ mọ ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ó dá a lóhùn pé kéèyàn dúró déédéé láàárín ọ̀tún àti òsì ni. Pásítọ̀ mi orí, ó sì gbàdúrà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò: á fi gbogbo ara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á gbé ti iwájú sókè, á sì ta pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Jessica ní kó fò, kó yí ara padà lókè, kó balẹ̀ kẹ́yìn síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló ṣubú. Ìgbà kejìlá, ó balẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Nígbà tó gbójú sókè, Josephine ló rí.

Ó ti gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ Sharon. Léèsì ló wọ̀, ó gbé kúlà ńlá lọ́wọ́: fráídì ráìsì àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù.

"Daddy Sharon?"

Bàbá juwọ́ sí i. Ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja, kápẹ́ẹ̀tì sì gbé e lọ sókè bí ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Josephine ju kúlà sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e, kápẹ́ẹ̀tì gbé òun náà. Kí Jessica tó dá ẹ̀rọ náà dúró, tọkọtaya ti jókòó ti ara wọn lórí òkè.

"Ṣé bọ́ọ̀dù ọ̀hún nìyí?"

"Òun ni."

"Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Josephine fọwọ́ tẹ orúnkún ọkọ rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn tí eegun wọn dá láti rìn.

"Mo ti ní kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i," ló wí.

"Àdúrà náà gbà. Ṣé o rí bí mo ṣe yí?"

Josephine wò ó láti akoto dé bàtà.

"Mo rí i. Èjìká yín òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìbàdí yín tẹ̀ lé e. Ẹ dìde, ẹ tún un ṣe."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. "Èjìká! Ìbàdí! Ẹ má wo ilẹ̀!" Jessica fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, ó lọ bá àwọn ọmọ ṣí kúlà. Ọ̀gbẹ́ni Adédàpọ̀ ṣubú nígbà mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún, ó balẹ̀ bí ológbò. Nígbà tó fi máa tú ẹsẹ̀, fráídì ráìsì ti tán pátápátá. Mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo ló kù, Josephine sì ti jẹ ìdajì rẹ̀.